Ẹja betta mi kàn ń dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ táǹkì tuntun, kò jẹun mọ́: kí ló ń ṣe é?

Ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ra akọ betta kan, àwọ̀ búlúù, ìdí lẹbẹ rẹ̀ pupa díẹ̀. Mo fi í sínú táǹkì tuntun tó ń gba omi lítà 20. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, ara rẹ̀ yá gágá, ó ń bínú sí àwòrán ara rẹ̀ nínú gíláàsì, ó sì ń jẹun dáadáa. Ní báyìí, ìsàlẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀ sí látàárọ̀ dalẹ́. Á ṣàdédé sáré gòkè wá gba afẹ́fẹ́, á tún rì padà. Ó pa gbogbo lẹbẹ rẹ̀ mọ́ra, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, mo sì rí ilà dúdú méjì láti orí dé ìrù rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ju oúnjẹ sí i, á wò ó, kò ní la ẹnu. Ohun funfun kan tún wà létí ìrù rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá àrùn ni. Omi náà ò mọ́ gaara mọ́, ó ti ń funfun díẹ̀.

Mo ti ra oògùn mẹ́ta kalẹ̀: ti àmì funfun, ti lẹbẹ jíjẹrà, àti èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé gbogbo àrùn ló ń wò. Èwo ni kí n kọ́kọ́ lò? Àbí kí n da méjì pọ̀?

Ṣọ́mi:

Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ìkankan nínú oògùn yẹn, ẹ má sì da méjì pọ̀ rárá. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, pípa lẹbẹ mọ́ra, àwọ̀ ṣíṣá, àìjẹun, ìdùbúlẹ̀, ohun tí betta máa ń ṣe ni tí ara bá ti ń ni ín, ohun yòówù tó bá fà á. Wọn ò tíì dárúkọ àrùn kankan fún wa. Ilà dúdú yẹn pàápàá, ìnira ló ń fi hàn.

Ẹ bá mi dáhùn èyí: ṣé omi ti wà nínú táǹkì fún ìgbà díẹ̀ kí ẹja tó wọ̀ ọ́, àbí ọjọ́ kan náà ni? Ṣé fílítà wà níbẹ̀, ṣé tọ̀sán-tòru ló sì ń ṣiṣẹ́? Tẹmómítà ń ka mélòó? Kí lẹ fi pa kiloríìnì inú omi ẹ̀rọ? Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ǹjẹ́ ẹ ti dán omi yẹn wò? Mi ò béèrè bóyá ó mọ́ lójú o. Mò ń béèrè iye amóníà, ìyẹn májèlé tó ń jáde lára ẹja, nitrite àti nitrate tí amóníà máa ń dà, àti pH, ìyẹn bí omi ṣe ní ásíìdì sí. Amóníà ò ní àwọ̀. Omi tó mọ́ gaara lè kún fún un.

Omitútù:

Èmi rò pé àrùn àmì funfun ni, èyí tí wọ́n ń pè ní ich. Ohun funfun tí ẹ rí létí ìrù yẹn ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ooru omi sókè dé 30°C, kí ẹ sì fi iyọ̀ sí i lónìí. Ẹ má fi falẹ̀, àrùn yẹn kì í dúró deni.

Bàbá Ẹlẹ́ja:

Omitútù, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́ fún ẹja yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ich kì í sábà jẹ́ ohun funfun kan ṣoṣo létí ìrù. Hóró ló máa ń jẹ́, bíi pé ẹnì kan fọ́n iyọ̀ sára ẹja, hóró kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì ga díẹ̀ lára ìpẹ́. Ẹja á tún máa fi ara họ òkúta àti ewé. Ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ ò sọ pé ó ń fara họ nǹkan kan.

Ìdí mìíràn wà tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ gbé ooru sókè báyìí. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù, amóníà tó bá sì wà níbẹ̀ á túbọ̀ le. Tó bá wá jẹ́ columnaris, àrùn kan tí bakitéríà ń fà, ni ohun funfun yẹn, ooru gan-an ló ń jẹ́ kó yára pa ẹja. Ìmọ̀ràn kan náà tó wo ẹja kan sàn lè gbẹ̀mí òmíràn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ iye inú omi ná.

Ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀:

Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ kan náà ni táǹkì àti ẹja wọlé. Ẹni tó ta ẹja fún mi ní kí n kàn jẹ́ kí omi sùn mọ́jú, ó ní ìyẹn tó. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Omi ẹ̀rọ ni, mi ò fi nǹkan kan sí i. Fílítà wà, àmọ́ mo máa ń pa á lálẹ́ nítorí ariwo. Hítà ò sí.

Mo lọ ra ohun èlò ìdánwò tó jẹ́ olómi, èyí tí wọ́n ń kán sínú ìgò tín-ín-rín. Ti amóníà kúrò ní yẹ́lò, ó di àwọ̀ ewé, ó bá 2 mg/L mu lórí káàdì. Nitrite jẹ́ 0.25. Nitrate bíi 5. pH 7.8. Ooru omi 22°C. Mo tún wo ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ níbi tó fi ń mí: ó pupa, ó sì ń ṣí, ó ń pa dé kíákíá.

Bàbá Ẹlẹ́ja:

Ó dáa tó jẹ́ èyí tí wọ́n ń kán lẹ rà. Mo fọkàn tán an ju pépà tí wọ́n ń tì bọ omi lọ, ọ̀pọ̀ pépà yẹn ni kì í tilẹ̀ ka amóníà.

Ohun tó ń ṣe ẹja yín, 2 mg/L yẹn ni. Ibi tó fi ń mí ni amóníà ti ń jó o, ìdí nìyẹn tó fi pupa, tí mímí rẹ̀ sì yá bẹ́ẹ̀. Betta ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi ń gba afẹ́fẹ́ lókè omi, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣì wà láàyè. Ẹja tí kò nírú ẹ̀ ì bá ti kú. Kí ó máa wá gba afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àìsàn. Kó máa sáré lọ sáré bọ̀, tàbí kó so mọ́ òkè omi láìkúrò níbẹ̀, ìyẹn ló yẹ kó kọni lóminú.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹja ń tú amóníà jáde láti ibi tó fi ń mí, ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó jẹrà sísàlẹ̀ sì ń dá kún un. Nínú táǹkì tó ti gbó, kòkòrò àìfojúrí wà nínú fóòmù fílítà àti lára òkúta tó ń sọ amóníà di nitrite, òmíràn ń sọ nitrite di nitrate. Nitrate ò le tó àwọn méjì yẹn, pípààrọ̀ omi ló ń dín in kù. Àwọn kòkòrò yìí kì í dé lọ́jọ́ kan. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó láti gbé ẹrù ẹja kan. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mí, torí náà, gbogbo alẹ́ tí fílítà bá kú ni ẹ ń pa lára wọn. Omi tó ń funfun yẹn, kòkòrò mìíràn ló ń gbèèrú nínú rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ nínú táǹkì tuntun, á mọ́ fúnra rẹ̀.

pH 7.8 yẹn ló tún mú ọ̀rọ̀ náà le. Oríṣi méjì ni amóníà máa ń dà nínú omi, ọ̀kan ń pa ẹja, èkejì ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Tí omi bá wà ní 25°C, tí pH rẹ̀ jẹ́ 7, èyí tó ń pa ẹja ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tí pH bá di 8, ó ti tó bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni méjì lè ka iye amóníà kan náà, kí ẹja ọ̀kan máa ṣeré, kí tèkejì máa kú lọ. Ẹ má torí ìyẹn lọ ra kẹ́míkà tó ń rẹ pH sílẹ̀ o. Kí pH máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ lójijì burú ju kó dúró sí 7.8 lọ. Betta máa ń gbé nínú ẹ̀ láìsí wàhálà tí amóníà bá ti jẹ́ òdo.

Lónìí, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi náà. 2 á di 1. Lọ́la, ẹ pààrọ̀ ìdajì, 1 á di bíi 0.5. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi wálẹ̀ sí 0.25 tàbí kó dín sí i. Ẹ fi oògùn tó ń pa kiloríìnì sínú omi tuntun kó tó wọ táǹkì. Òótọ́ ni pé kiloríìnì máa ń fò lọ tí omi bá sùn mọ́jú, àmọ́ chloramine, tí àwọn iléeṣẹ́ omi kan ń lò dípò rẹ̀, kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó kí omi tuntun àti omi inú táǹkì bára mu ní ooru. Ẹ tan fílítà, kó máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Tí ìró omi tó ń já bọ́ bá ń dà yín láàmú, ẹ gbé omi táǹkì sókè kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu fílítà, ariwo á rọlẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ lónìí àti lọ́la. Ebi ọjọ́ mélòó kan kò ní pa á.

Ẹ tún dán omi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wò kí ẹ tó dà á sí i. Àwọn kan wà tí omi ẹ̀rọ wọn ní amóníà tirẹ̀, wọ́n á máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, kò sì ní wálẹ̀.

Ṣọ́mi:

Kí n fi kún ti hítà. 22°C ti tutù jù fún un, 25 sí 27 ló bá a lára mu. Òtútù nìkan tó láti mú kó máa dùbúlẹ̀, kó má sì lè da oúnjẹ. Àmọ́ ẹ má gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣètò hítà sí 24 lónìí, ẹ gbé e dé 26 lọ́la lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ omi, torí bí Bàbá ti wí, amóníà ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹ so tẹmómítà mọ́ òdìkejì ibi tí hítà wà, ẹ má gba ohun tí hítà ń sọ nípa ara rẹ̀ gbọ́.

Lẹbẹ Gígùn:

Bàbá ti sọ ti omi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bí a ṣe ń wo ẹja fúnra rẹ̀, kí a má lọ rò pé amóníà nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan mìíràn ti wọlé tọ̀ ọ́. Ẹja tí amóníà bá ti jó lára ni àrùn ń tètè mú.

Ẹ dúró di alẹ́. Ẹ pa iná yàrá, ẹ pa ti táǹkì. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré, ẹ má tàn án sí i lójú tààrà. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ẹ tàn án láti òkè kí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́ gba orí ìpẹ́ rẹ̀ kọjá. Ibi tí ẹ máa wò ni ẹ̀yìn orí, ìbòrí ibi tó fi ń mí, àti ìdí lẹbẹ ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ àrùn velvet, ẹ ó rí eruku kúnná aláwọ̀ wúrà tàbí ti irin tó dípẹtà, kò ní hóró, ó kúnná ju ti ich lọ fíìfíì. Akọ búlúù máa ń dán fúnra rẹ̀, ìyẹn sì máa ń tan èèyàn jẹ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé dídán tirẹ̀ wà nínú ìpẹ́, ó tò lẹ́sẹẹsẹ, tó bá yí ara padà á dán níbòmíràn. Eruku velvet bò ó mọ́lẹ̀ láìka ìpẹ́ sí, ó wà níbẹ̀ bó ti wù kó yí ara.

Mo ń tẹnu mọ́ velvet nítorí pé ó yára, ó sì ń fara pa mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń ran kòkòrò tó ń fà á lọ́wọ́, torí náà, ẹni tó bá rí i ní láti pa iná táǹkì, kó fi aṣọ bò ó, kó sì lo oògùn tí wọ́n ṣe fún velvet gan-an. Púpọ̀ nínú wọn ní bàbà nínú, bàbà sì ń pa ìgbín àti edé. Ẹ yọ wọ́n kúrò tí wọ́n bá wà níbẹ̀.

Ní ti ohun funfun létí ìrù: ẹ wo bó ṣe rí. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó mọ́lẹ̀ kọjá bí awọ tín-ín-rín, lẹbẹ tuntun ló ń hù, ìyẹn ìròyìn ayọ̀ ni. Tó bá rí bí òwú tó sọ, tàbí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí gàárì, tó sì ń tóbi láàárín ọjọ́ kan, ẹ tètè padà wá síbí. Tó bá jẹ́ pé etí lẹbẹ dúdú tàbí pupa, tó ń jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀, lẹbẹ jíjẹrà nìyẹn, omi tó mọ́ ló sì ń wo èyí tí kò tíì jinlẹ̀.

Omitútù:

Mo gba ti amóníà, mi ò rí iye náà kí n tó sọ̀rọ̀. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí iyọ̀. Nitrite ti wà níbẹ̀ 0.25, ó sì máa gòkè. Nitrite máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ náà di èyí tí kò lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ibi tó fi ń mí á wá dà bí àwọ̀ ilẹ̀. Iyọ̀ ló ń dí nitrite lọ́nà kó má ráyè wọlé.

Bàbá Ẹlẹ́ja:

Ibí yìí, òtítọ́ lẹ sọ. Iyọ̀ wúlò fún nitrite. Kò ṣe nǹkan kan fún amóníà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì lóye nìyẹn. Tí ẹ bá máa lò ó, kí ó jẹ́ iyọ̀ lásán tí wọn ò po nǹkan mìíràn mọ́, ṣíbí kékeré kan sí omi lítà mẹ́rin. Ẹ yọ́ ọ nínú kọ́ọ̀pù kó tó wọ táǹkì, ẹ má da hóró rẹ̀ lé ẹja lórí. Ẹ sì rántí pé iyọ̀ kì í fò lọ bí omi bá ń gbẹ. Tí ẹ bá yọ ìdajì omi, iyọ̀ ìdajì nìkan lẹ máa dá padà. Àwọn tí kò mọ èyí ló ń fi iyọ̀ lé iyọ̀ títí ẹja fi ń kú lọ́wọ́ wọn. Kí nitrite tó dé 0.5, mi ò ní fi sí i.

Ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀:

Mo ti pààrọ̀ omi bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é. Omi ẹ̀rọ wa ò ní amóníà, mo dán an wò. Amóníà inú táǹkì ti wálẹ̀ sí 0.5, ooru ti wọ 25. Mo tan tọ́ọ̀ṣì lálẹ́ bí Lẹbẹ Gígùn ṣe júwe rẹ̀. Kò sí eruku kankan. Dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń kúrò tó bá yí ara, ó tò pẹ̀lú ìpẹ́. Ohun funfun etí ìrù yẹn tín-ín-rín, mo ń rí ewé ẹ̀yìn rẹ̀ láti inú rẹ̀.

Ní àárọ̀ yìí, ó ti kúrò nísàlẹ̀, ó gorí ewé kan nítòsí òkè omi, lẹbẹ rẹ̀ ṣí díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àmọ́ mo rí nǹkan mìíràn: ihò kan wà nínú ìrù rẹ̀, kò sí níbẹ̀ lánàá. Ikùn rẹ̀ náà dà bíi pé ó yọ síta díẹ̀.

Lẹbẹ Gígùn:

Ẹ kú oríire ti tọ́ọ̀ṣì yẹn. Ní ti ihò: lẹbẹ jíjẹrà kì í lu ihò lóru ọjọ́ kan. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti etí ni, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ihò tó ṣàdédé yọ, tí etí rẹ̀ mọ́, tí kò dúdú, tí kò pupa, ó ya ni, tàbí òun fúnra rẹ̀ ló bù ú jẹ. Akọ onírù gígùn máa ń bu ìrù ara wọn jẹ nígbà tí ara bá ń ni wọ́n, tàbí tí omi fílítà bá ń tì wọ́n kiri. Ṣé ewé rọ́bà lẹ fi sínú táǹkì? Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù tó fẹ́lẹ́, ẹ fà á kọjá lára ewé yẹn àti gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀. Ohun tó bá fa ìbọ̀sẹ̀ ya máa ya lẹbẹ. Ẹ yọ ọ́. Ewé gidi bí Java fern tàbí anubias sàn jù, wọn ò sì nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀.

Tí fílítà bá ń ti ẹja, ẹ so fóòmù kékeré mọ́ ẹnu ibi tí omi ti ń jáde.

Ṣọ́mi:

Ikùn: ẹ wò ó láti òkè, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́. Tí ìpẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ mọ́ ara, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò rí ìgbẹ́ yà, torí òtútù omi àti oúnjẹ tó pọ̀ jù. Ikùn betta ò tóbi ju ojú rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló ń fún un ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ. Ebi ọjọ́ méjì àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ sábà máa ń tán ìyẹn. Wọ́n máa ń sọ pé kí a fún un ní ẹ̀wà tútù aláwọ̀ ewé (pea). Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹranko inú omi àti kòkòrò ni betta ń jẹ, daphnia, ẹranko omi tín-ín-rín kan, bá a mu ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń tú ikùn rẹ̀.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìpẹ́ rẹ̀ dìde, tó ṣí sóde yí ara rẹ̀ ká nígbà tí ẹ bá wò ó láti òkè, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti oúnjẹ. Omi ló kún inú ara rẹ̀ nítorí pé ẹ̀yà inú, pàápàá kíndìnrín, ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mi ò ní tàn yín, díẹ̀ ló ń bọ́ nínú èyí. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ sì wá oníṣègùn ẹranko tó mọ̀ nípa ẹja.

Ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀:

Ìpẹ́ rẹ̀ tẹ́ dáadáa, mo wò ó láti òkè nígbà tó wá gba afẹ́fẹ́. Ó ti yàgbẹ́, ikùn ti rọlẹ̀. Ewé rọ́bà yẹn fa ìbọ̀sẹ̀ ya lójú ẹsẹ̀, mo ti gbé e jùnù.

Ohun tuntun tó dé rèé: amóníà ti di 0.25, àmọ́ nitrite ti gòkè dé 1. Ṣé mo tún ti ba nǹkan kan jẹ́ ni?

Bàbá Ẹlẹ́ja:

Rárá o, ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwọn tó ń jẹ amóníà ti dé, nitrite ni wọ́n ń tú jáde, àwọn tó ń jẹ nitrite ló kù tí wọn ò tíì pọ̀ tó. Apá kejì yìí máa ń pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ẹ mọ̀, kó má bàa sú yín. Ẹ máa pààrọ̀ omi bí ti tẹ́lẹ̀ kí nitrite lè wà lábẹ́ 0.5. Ìgbà tí iyọ̀ Omitútù wúlò nìyí, ẹ lò ó bí mo ṣe wí. Ẹ máa wo mímí rẹ̀. Tó bá tún yá kánkán, tí ibi tó fi ń mí sì ń dà bí àwọ̀ ilẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ pààrọ̀ omi lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má fọ fóòmù fílítà lábẹ́ omi ẹ̀rọ, kiloríìnì á pa gbogbo ohun tí ẹ ti ń dúró dè. Tó bá dọ̀tí débi tí omi ò kọjá mọ́, ẹ fún un nínú korobá tí ẹ fi yọ omi táǹkì. Tí ẹnì kan tí ẹ mọ̀ bá ní táǹkì tó ti gbó, tí ẹja rẹ̀ sì lera, ẹ tọrọ ẹyọ fóòmù kan nínú fílítà rẹ̀, ẹ gbé e wálé nínú omi, kò gbọdọ̀ gbẹ, ẹ fi í sínú fílítà tiyín. Ó lè gé iye ọ̀sẹ̀ tó kù sí ìdajì.

Ọjọ́ tí ẹ bá ka amóníà òdo, nitrite òdo, tí nitrate sì ń gòkè, tí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ pé ẹ pààrọ̀ omi ní túláàsì, táǹkì yín ti gbó. Láti ìgbà náà, kí ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sẹ̀ kan tó.

Ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀:

Ẹ ṣé, Bàbá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní táǹkì tó ti pẹ́, mo máa tọrọ fóòmù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn mẹ́ta yẹn wá ńkọ́? Ìgbà wo ni mo máa mọ̀ pé ó tó àkókò láti lo ọ̀kan?

Lẹbẹ Gígùn:

Nígbà tí omi bá ti dáa fún bí ọ̀sẹ̀ kan tí àmì kan pàtó ṣì ń burú sí i, tí ẹ sì lè tọ́ka sí i. Etí lẹbẹ tó ń jẹ wọlé síbẹ̀, hóró tó ń pọ̀ sí i, eruku wúrà, òwú. Ich, velvet àti columnaris ò ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ kan o, tí ẹ bá ti rí wọn kedere, ọjọ́ yẹn ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ lò, kí ẹ sì lò ó dé òpin iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí ich bá tilẹ̀ pòórá lára ẹja, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ táǹkì, inú omi ni oògùn ti ń bá wọn kì í ṣe lára ẹja. Tí èédú bá wà nínú fílítà, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó da oògùn sí i, torí á fa oògùn náà mu. Lẹ́yìn náà, ẹ tún dán amóníà wò, àwọn oògùn kan máa ń pa kòkòrò inú fílítà.

Èyí tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àrùn yẹn, èmi ò ní fi í sínú táǹkì mi.

Ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀:

Fóòmù ọ̀rẹ́ mi ti wọ fílítà. Nitrite ti wálẹ̀ sí 0.5 lónìí, amóníà òdo. Ó ti ń lé ìka mi kiri lára gíláàsì, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún oúnjẹ. Hóró mélòó ni kí n máa fún un?

Ṣọ́mi:

Méjì, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, títí nitrite á fi di òdo. Èyí tí kò bá jẹ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ lè sọ ọ́ di méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́.